Ó dún "kọ̀" lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́: bí ẹ ṣe lè yẹ sítátà ọkọ̀ wò nílé kí ẹ tó ra òmíràn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Camry ọdún 1998 ni mò ń wà, Ìbàdàn níbí ni mo wà. Láti bí oṣù kan báyìí, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, yóò kàn dún 'kọ̀' lẹ́ẹ̀kan, yóò dákẹ́. Tí mo bá tún yí i, 'kọ̀' náà ni. Tó bá di ẹ̀ẹ̀karùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀kẹfà, á ṣáná bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Bátìrì rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta, họ́ọ̀nù ń dún, iná ń tàn. Ríwáyà mi ní kíkì (sítátà) ti kú, kí n lọ ra tòkúnbọ̀ ní Àràròmí. Aládùúgbò mi kan ní kí n fi sukudiráfà so ojú rẹ̀ pọ̀ kí n fi mọ̀. Ṣé ọ̀nà wà tí mo lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi nílé kí n tó náwó?"

Ẹ kú ìfaradà ọkọ̀ o. Ọ̀nà wà, kò sì le. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, kì í ṣe owó kíkì nìkan ló ń kọ yín lóminú. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù jù ni kí ẹ má lọ ra òmíràn, kí ọkọ̀ sì tún máa dún "kọ̀" lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ sítátà rẹ̀ léraléra tí wàhálà kò kúrò níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé wáyà ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tó so nẹ́gítíìfù bátìrì mọ́ irin ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, tó ti jẹrà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń fà á. Ẹni tó bá ra sítátà láìwọn iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mi ò sọ pé ríwáyà yín ò mọṣẹ́ o. Ó ṣeé ṣe kí ó jàre. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ pé ó fi mítà wọn ohunkóhun, ohùn "kọ̀" kan ṣoṣo sì lè ti oríṣiríṣi ibi wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó àgbọ́sọgbánù kúrò nílẹ̀. Bátìrì tuntun lè má kún. Bátìrì oṣù mẹ́ta tó ń jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mókólá tàbí Ìwó Róòdù lójoojúmọ́, tí A/C ń ṣiṣẹ́, tí iná iwájú ń tàn, tí ọkọ̀ kò sì sáré tó kí ọ́tánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì) lè dá ohun tí wọ́n ń jẹ padà, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fà sẹ́yìn. Pé họ́ọ̀nù ń dún, pé iná ń tàn, ìyẹn náà kò fi ẹ̀rí kankan hàn. Amp ìwọ̀nba díẹ̀ ni họ́ọ̀nù ń jẹ. Sítátà tó ń yí ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin bíi tiyín ń fa bíi amp 100 sí 200. Pákó tí wọ́n gbé lé ojú gọ́tà lè gba ọmọ iléèwé kọjá, kó má gba ọkọ̀ akẹ́rù. Tẹ́mínà, ìyẹn irin tó di wáyà mọ́ orí bátìrì, tí iyọ̀ funfun ti bò, tàbí wáyà tí bàbà inú rẹ̀ ti já ku díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí: iná họ́ọ̀nù kọjá, ti sítátà kò kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ìgbà tí sítátà bá ń bá ẹ́ńjìnnì jà gan-an ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà tí ẹ bá kà nígbà tí ohun gbogbo dákẹ́ kò tíì sọ nǹkan púpọ̀ fún yín.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Wáyà ńlá kan kúrò lórí pọ́sítíìfù bátìrì, ó lọ tààrà sára sítátà, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíàbọ́ọ̀sì. Iná wà lẹ́nu wáyà yìí tọ̀sántòru, kódà bí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bá wà nínú yàrá yín. Ẹnu ibi tí wọ́n dè é sí lára sítátà ni ìwé ń pè ní 30. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń bọ̀ láti ìdí kọ́kọ́rọ́; ó gba inú rílèè (swíìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí), ó gba inú swíìṣì gíà tó ń rí i dájú pé P tàbí N ni gíà wà, ó wá parí sí ẹnu kékeré tí wọ́n ń pè ní 50. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ló ń jí sólẹ́nọ́ìdì dìde. Sólẹ́nọ́ìdì wà lára sítátà náà, iṣẹ́ méjì ló sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń ti eyín Bendix (eyín kékeré tó wà lẹ́nu sítátà) síta kí ó lọ bọ́ sínú eyín flywheel (irin róbótó ńlá tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí), ó sì ń fi àwo bàbà kan so ẹnu 30 mọ́ ẹnu kẹta, èyí tí wọ́n ń pè ní C, tó ń gbé iná ńlá wọ inú mọ́tò. "Kọ̀" tí ẹ ń gbọ́ yẹn, sólẹ́nọ́ìdì ló fò. Ìyẹn ti mú nǹkan kúrò lọ́kàn wa díẹ̀, nítorí ó fi hàn pé iná kọ́kọ́rọ́ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò tíì mọ̀ bóyá ó ń dé tó. Ọdún 1912 ni Cadillac gbé ọkọ̀ tó ní sítátà oníná jáde, iṣẹ́ ọwọ́ Charles Kettering. Ṣáájú ìgbà yẹn, irin ni wọ́n ń fi yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú, irin náà a sì máa ta padà ṣẹ́ni lápá. Iṣẹ́ tí apá ènìyàn ń ṣe nígbà náà ni mọ́tò kékeré yìí ń ṣe láràárọ̀, kò ya ni lẹ́nu pé ó ń fẹ́ iná púpọ̀.

Ohùn tí ọkọ̀ bá ń dún máa ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Tó bá ń dún "kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́" léraléra, ẹ wo bátìrì tàbí tẹ́mínà: sólẹ́nọ́ìdì fò, sítátà fa iná, iná wálẹ̀, sólẹ́nọ́ìdì jábọ́, iná gòkè, ó tún fò. Tí mọ́tò bá ń yí "fììì" tí ẹ́ńjìnnì kò mira, Bendix ló ń yọ̀. Tó bá ń ha "gàràrà", ẹ wo eyín Bendix àti ti flywheel. Tí kò bá dún rárá, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì mọ́lẹ̀ kedere, ẹ gbé gíà sí N kí ẹ tún un yí. Tó bá dáhùn, swíìṣì gíà ni, ẹ ò ní í fọwọ́ kan sítátà rárá. Èyí tó ń dún "kọ̀" kan ṣoṣo bíi tiyín ló ṣòro jù láti fi etí mọ̀. Tẹ́mínà tó dọ̀tí ń dún bẹ́ẹ̀. Ẹ́ẹ̀tì tí kò dára ń dún bẹ́ẹ̀. Bàbà inú sólẹ́nọ́ìdì tó ti jẹ, àti búrọ́ṣì (èyí tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí nínú mọ́tò) tó ti kúrú, ohùn kan náà ni.

Kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí gíà wà ní P, ẹ fa háńbúrèkì, ẹ fi òkúta dí táyà níwájú àti lẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni, pàápàá ọmọdé, má ṣe dúró níwájú ọkọ̀. Ẹ yọ òrùka, aago ọwọ́ àti ẹ̀wọ̀n. Irin tó bá so pọ́sítíìfù mọ́ ara ọkọ̀ lè pọ́n kí ẹ tó ráyè fa ọwọ́ yọ. Bátìrì ń tú gáàsì háídírójìn tó lè bú gbàmù sílẹ̀, nítorí náà kò sí sìgá, kò sí àbẹ́là. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ yọ fíùsì epo, èyí tí wọ́n kọ EFI sí lórí ọ̀pọ̀ Toyota, kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí láìṣáná. Ẹ óò nílò ẹnì kejì tí yóò máa yí kọ́kọ́rọ́, kí ó sì jẹ́ ẹni tí kò ní yí i títí ẹ ó fi sọ pé ó yá. Kó má yí i ju bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan, kí sítátà sì sinmi kí ó tó tún un yí, nítorí kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀, tètè máa ń gbóná.

Mítà kékeré tó ń fi nọ́ńbà hàn, irú èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò, ti tó. Ẹ yí i sí DC, sí volt 20. Láàárọ̀, kí ẹ tó tan ohunkóhun, ẹ fi ẹnu pupa sórí pọ́sítíìfù, kí ẹ fi dúdú sórí nẹ́gítíìfù. Orí òjé bátìrì gan-an ni kí ẹ fi í sí, ẹ má fi í sórí irin tó dì í mú. Tí ẹ bá rí 12.6, bátìrì kún. 12.4 ṣì dára. 12.2 ti di ìlàjì. Tó bá ti di 12.0 sísàlẹ̀, ẹ lọ fi í sí charge ná, torí gbogbo nọ́ńbà tó kù yóò parọ́ fún yín. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kejì yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹ ti ń wo mítà. Nígbà tí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, nọ́ńbà náà kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 9.6. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò jù ni ìgbà tó bá dún "kọ̀". Ṣé nọ́ńbà náà já lulẹ̀ sí 8 tàbí 7, àbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀ lórí 12? Tó bá já lulẹ̀, ó lè jẹ́ bátìrì ni kò lágbára, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan há, yálà nínú sítátà tàbí nínú ẹ́ńjìnnì. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀, iná ńlá kò kọjá rárá, ọ̀nà ti já níbì kan. Ẹni tí kò ní mítà lè kọjú iná iwájú sí ògiri lálẹ́ kí ó yí kọ́kọ́rọ́: iná tó kú pátápátá ń tọ́ka sí bátìrì tàbí tẹ́mínà, iná tó dúró gbọin nígbà tí ọkọ̀ dún "kọ̀" fi hàn pé iná ńlá kò kọjá. Tí mítà bá sì dúró sí 12 lórí òjé bátìrì, àmọ́ tí iná iwájú kú, tẹ́mínà yẹn gan-an ni ẹ mú.

Wíwọ̀n tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ràn jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ríwáyà kì í ṣe. A fẹ́ mọ iye iná tó ń sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ fi ẹnu pupa sórí òjé pọ́sítíìfù, ẹ fi dúdú sórí nọ́ọ̀tì ẹnu 30 lára sítátà. Mítà yóò wà ní òdo. Kí ẹnì kejì yí kọ́kọ́rọ́. Tí nọ́ńbà náà bá gòkè ju 0.5 lọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, wáyà náà tàbí ojú ibi tí wọ́n dè é sí ń jẹ iná tó yẹ kó dé sítátà. Ẹ ṣe bákan náà fún ẹ́ẹ̀tì: dúdú sórí òjé nẹ́gítíìfù, pupa sára irin sítátà fúnra rẹ̀, níbi tí kò sí ọ̀dà tàbí gíríísì. Èyí kò yẹ kó ju 0.3 lọ. Ẹ kíyè sí i pé tí iná ńlá kò bá kọjá rárá, wíwọ̀n méjèèjì lè fi òdo hàn, òdo yẹn kò sì túmọ̀ sí pé wáyà dára. Ìgbà tí ọkọ̀ yín bá gbà láti yí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ ṣe é.

Ẹ́ẹ̀tì yìí ni mo máa ń rí tó burú jù ní ilẹ̀ wa. Wọ́n á sọ gíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n á gbé e padà, wọ́n á gbàgbé wáyà ẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, tàbí kí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò tó nǹkan rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo tẹ́mínà náà dáadáa, bóyá wọ́n ti ki páànù agolo tàbí ìṣó sínú rẹ̀ kó lè fún. Tẹ́mínà tó bá ti fẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ra òmíràn, kò wọ́n. Èyí tó kàn dọ̀tí, ẹ tú u, nẹ́gítíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Ẹ fi omi gbígbóná fọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ fi sáńpépà ha inú rẹ̀ àti òjé bátìrì títí wọn yóò fi dán, ẹ dè é kó fún, kí ẹ wá fi fásílíìnì díẹ̀ pa á lórí. Tí "kọ̀" bá dópin lẹ́yìn èyí, ẹ fi owó yín sápò.

Tí bátìrì dára, tí wáyà méjèèjì dára, ó ku ara sítátà. Ẹ dúró de àárọ̀ ọjọ́ tó bá kọ̀ láti ṣáná, nítorí sítátà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kò lè fi àìsàn rẹ̀ hàn yín. Ẹ fi ẹnu dúdú mítà sára irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ fi pupa wọn ẹnu 50 bí ẹnì kejì ṣe yí kọ́kọ́rọ́. Ó yẹ kó ju 10 lọ. Tí ẹ bá rí 7 tàbí 8 níbẹ̀ nígbà tí bátìrì ṣì wà ní 12, ìdí kọ́kọ́rọ́, rílèè tàbí swíìṣì gíà ló ń jẹ iná, sólẹ́nọ́ìdì yóò fò, ṣùgbọ́n kò ní í lágbára láti tẹ àwo bàbà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wọn 30. Ó yẹ kó sún mọ́ ti bátìrì. Ẹ wá wọn C, ìyẹn ẹnu tí wáyà kúkúrú tó nípọn ti wọ inú mọ́tò. Nọ́ńbà C ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Tí 30 bá ní 12, tí ẹ gbọ́ "kọ̀", tí C sì wà ní òdo tàbí nítòsí rẹ̀, iná ti dé ẹnu ọ̀nà, bàbà inú sólẹ́nọ́ìdì ni kò gbé e kọjá. Tí C bá ní 12 tí mọ́tò kò mira, tí bátìrì kò sì wálẹ̀, búrọ́ṣì ti kúrú, kò kan ibi tó yẹ kó kàn mọ́. Tí C bá ní iná, tí nọ́ńbà bátìrì sì já lulẹ̀ gidi, nǹkan há. Ẹ fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì láti ara pọ́líì ìsàlẹ̀ kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ni tàbí sítátà.

Ó jọ mí lójú pé bàbà ni tiyín yóò já sí. Ọkọ̀ tó ń kọ̀ nígbà mẹ́rin tó wá gbà lẹ́ẹ̀karùn-ún, bí àwọn sítátà Denso inú Toyota ìgbà yẹn ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí bàbà wọn bá ti jẹ. Bóòtù kékeré mẹ́ta ló di ìdérí ẹ̀yìn sólẹ́nọ́ìdì mú. Tí wọ́n bá tú u, ẹ óò rí irin róbótó kan tó ń rìn wọlé rìn jáde, tí àwo bàbà wà lórí rẹ̀. Bàbà méjì kéékèèké jókòó síbi tí àwo náà ń balẹ̀ sí, ọ̀kan jẹ́ ti ẹnu 30, èkejì jẹ́ ti ẹnu C. Nígbàkígbà tí ẹ bá ṣáná sí ọkọ̀, iná tó ń ta láàárín wọn ń bù díẹ̀ jẹ lára wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀kan máa ń jẹ ju èkejì lọ. Ẹ óò rí i pé àárín rẹ̀ ti di kòtò, etí rẹ̀ ti dúdú, àwo náà sì ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwo yìí máa ń yí díẹ̀ lórí irin rẹ̀ bó ṣe ń fò. Tó bá fi apá tó ṣì nípọn balẹ̀, iná kọjá, ọkọ̀ dáhùn. Tó bá fi apá tó ti jẹ balẹ̀, "kọ̀". Mọ́tò inú sítátà yẹn lè ṣì le koko. Bàbà méjì àti àwo kan ni wọ́n máa pààrọ̀, wọ́n sì ń tà wọ́n lọ́tọ̀. Ẹ béèrè ní Àràròmí kí ẹ tó béèrè sítátà, tàbí kí ẹ rán ẹni tó bá ń lọ sí Èkó sí Ládìpọ̀ ní Muṣin. Kí ríwáyà rí i pé bàbà tuntun méjèèjì jókòó sí gíga kan náà, kí àwo lè kàn wọ́n pọ̀. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, kò ní í pẹ́ tí "kọ̀" yóò fi padà.

Ní ti sukudiráfà aládùúgbò yín, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Fífi irin so 30 mọ́ 50 ń jẹ́ kí sítátà yí láìgba ọ̀dọ̀ swíìṣì gíà. Tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ti fi gíà sí D, tí kọ́kọ́rọ́ sì ṣí, ọkọ̀ lè ṣáná kí ó sì gba orí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀ kọjá. Ó ti pa ènìyàn rí. Síso 30 mọ́ C tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí iná tó lé ní amp ọgọ́rùn-ún yóò máa yọ́ ẹnu sukudiráfà, irin yíyọ́ lè ta sí yín lójú, sukudiráfà sì lè lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ kí ẹ má rí i yọ. Ẹ tún wò ó: "kọ̀" tí ẹ ń gbọ́ ti sọ fún yín pé iná ń dé 50, mítà yóò sì sọ iye rẹ̀. Kí ni sukudiráfà tún fẹ́ sọ fún yín? Fífi òòlù gbá sítátà náà wà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń ṣe é. Tí ọkọ̀ bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ níbi tí kò dára, ẹ rọra fi igi tàbí òòlù kàn án lára kí ẹ fi délé. Tó bá dáhùn, ó jọ ọ̀rọ̀ búrọ́ṣì tàbí bàbà. Ẹ má sọ ọ́ di àṣà. Àwọn sítátà kan wà tó jẹ́ pé mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara agolo ló wà nínú wọn, òòlù sì lè fọ́ ọ.

Tí wọ́n bá ti tú sítátà kalẹ̀, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nílẹ̀. Nẹ́gítíìfù bátìrì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ kí wọ́n tó tú u, ẹ rántí pé iná wà lẹ́nu 30 nígbà gbogbo. Ẹ fi fáìsì (irin ìdìmú orí tábìlì iṣẹ́) di sítátà mú, nítorí yóò fò lọ́wọ́ yín bó bá yí. Ẹ fi wáyà jumper dúdú so nẹ́gítíìfù bátìrì mọ́ ara irin rẹ̀, kí pupa lọ láti pọ́sítíìfù sí 30. Ẹ wá mú wáyà kékeré láti 30, kí ẹ fi kan 50 fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Eyín Bendix gbọ́dọ̀ fò síta pátápátá, kí ó yí kíkankíkan láìha "gàràrà", kí ó sì padà wọlé lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá yọ wáyà. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti jẹ̀bi. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì dá a láre. Nílẹ̀ yẹn, kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń yí. Sítátà tí búrọ́ṣì rẹ̀ ti kúrú lè yí fòò níwájú yín, kí ó má sì lè mi ẹ́ńjìnnì bó bá dé inú ọkọ̀. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń rí sítátà tó yí dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n á gbé e délé tí kò ní í ṣiṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe pé ẹni tó tà á parọ́ ní gbogbo ìgbà.

Tí ẹ bá bi mí léèrè, àtúnṣe ni mo máa kọ́kọ́ yàn fún ọkọ̀ yín, bàbà àti búrọ́ṣì lẹ́ẹ̀kan náà, torí wọ́n ti jọ dàgbà pọ̀. Ohun tó lè mú mi yí ọkàn padà ni kí a ṣí i kí a sì gbóòórùn kọ́ìlì tó ti jó, tàbí kí ibi tí búrọ́ṣì ń fi ara kàn ti jẹ wọlé jù. Irú èyí kò yẹ ní títúnṣe. Tòkúnbọ̀ dára lọ́nà kan, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó kọ́ ọ ni, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọjọ́ orí kan náà lòun àti tiyín jọ ní, kí bàbà inú rẹ̀ sì ti jẹ bíi tiyín. Tí ẹ bá máa rà á, ẹ gbé tiyín dání kí ẹ fi wé e: ihò bóòtù, iye eyín, ibi tí 50 kọjú sí. Ẹ di eyín Bendix mú kí ẹ mì í; tí irin àárín rẹ̀ bá ń ṣe jàgàjàgà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ bá ọlọ́jà ṣe àdéhùn ìdápadà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Èyí tuntun tí kì í ṣe ojúlówó ń bẹ, ó sì ń bá àwọn kan lò pẹ́, àmọ́ ojú kò lè fi mọ èyí tó máa pẹ́ nínú wọn, nítorí náà mi ò lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí ó wù kí ẹ mú, tí ọ́ìlì bá ń jò láti òkè sórí sítátà, ẹ kọ́kọ́ dí i. Tí ọkọ̀ bá ti wọ omi àgbàrá rí, ẹ sọ fún ríwáyà kó wo inú rẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni sítátà máa ń wà, omi tètè máa ń dé ibẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí mítà wa yìí kò lè mú nílé. Sítátà tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná nìkan ló ń kọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó gbóná, àárọ̀ kò ní í fi nǹkan kan hàn yín. Eyín flywheel tó ti jẹ náà lè sápamọ́, nítorí ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin sábà máa ń dúró sí àwọn ojú ìwọ̀nba kan náà bí a bá pa á, ibẹ̀ ni eyín sì ti ń jẹ jù. Ìgbà tí wọ́n bá tú sítátà tí wọ́n yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ ni ojú tó lè rí i. Gbogbo nọ́ńbà tí mo sọ yìí, ọkọ̀ oní-volt 12 ni wọ́n wà fún. Kí ẹlòmíràn má gbé wọn lọ sídìí tírélà oní-volt 24.

Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó bá tún ṣe é: ti bátìrì kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́, ti bátìrì bó ṣe ń dún "kọ̀", ti 50, àti ti C. Ẹ fi han ríwáyà yín kó tó gbé sípánà. Bó bá jẹ́ pé C ló wà ní òdo, ẹ ní kó tú ìdérí sólẹ́nọ́ìdì níṣojú yín, kí ẹ gba bàbà inú rẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó.